Ọṣẹ Tí Kò Béèrè Igi

Bí Susan Dúrósinmí bá gbé àáké, ẹ yàgò lọ́nà. Mi ò ṣe àwàdà. Obìnrin náà kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti mọ igi í là, débi pé bó bá wo ìtì igi lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ sán. Bàbá rẹ̀ kò bí ọkùnrin. Ọmọbìnrin mẹ́rin ló bí, Susan ni àkọ́bí, Lucy sì ni àbíkẹ́yìn. Nínú ilé tí epo fífún ti jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́, tí wọ́n ń se ẹyìn nínú àgbá ńlá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, igi ìdáná kì í tó rárá. Kí ọmọ mìíràn tó bọ́jú láàárọ̀, Susan ti la igi jọ sí ẹ̀yìn ilé.

Abúlé wọn wà láàárín Àkótógbò àti Àjàgbà, níbi tí ọ̀pẹ ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Bí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Ìrẹ̀lẹ̀, òórùn epo tó ń hó ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Inú òórùn yẹn ni Susan dàgbà sí, inú rẹ̀ náà sì ni àṣìṣe tó dá ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró ti wá.

Ó wà ní ọdún kejì ìpele àgbà ilé-ìwé girama nígbà náà, nọ́ọ̀sì ló sì fẹ́ ṣe. Kì í ṣe pé ó kàn ń fẹnu sọ ọ́. Ó ti mọ iṣẹ́ tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ̀ pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè dé ibẹ̀ láìgba inú kẹ́mísírì kọjá, ó sì ń ka kẹ́mísírì rẹ̀ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ bí ẹni tó ń ka lẹ́tà àfẹ́sọ́nà. Olùkọ́ wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèbádé, ọmọ Ìwó tí ìjọba gbé wá, ọkùnrin tó máa ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí ìlà rẹ̀ á fi mú bí ọ̀bẹ. Nínú ìdánwò ìparí ọdún, ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan: nígbà wo ni agbára máa ń jáde, ṣé ìgbà tí ìdè tó so àwọn ohun tíntìntín pọ̀ bá já ni, àbí ìgbà tí ìdè tuntun bá so?

Ìbéèrè yìí rọrùn lójú Susan. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbà tí ìdè bá já ni. Ó tún fi àpẹẹrẹ tì í lẹ́yìn, nítorí pé wọ́n ti kọ́ wọn pé ẹni tó bá fi àpẹẹrẹ tì í lẹ́yìn ló gbọ́n. Ó ní: "Ìtì igi tí a kò là kì í jó dáadáa. Bí a bá là á tán ni iná inú rẹ̀ máa ń ráyè jáde."

Ẹ wò ó, ọmọ tó ti ń la igi láti ọmọ ọdún méje, kí ló tún fẹ́ kọ? Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Oyèbádé ka ìdáhùn náà sókè níwájú gbogbo kíláàsì, ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi ń ṣomi. Ó ní, "Susan, gbé àáké rẹ wá lọ́la, kí o wá bá wa la kẹ́mísírì." Kíláàsì tú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Aláàáké ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí wọ́n wọlé ní sáà tó tẹ̀ lé e, Susan ti kó ìwé rẹ̀ lọ sí kíláàsì àwọn tí kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nílé. Ìyá rẹ̀ kàn ń retí pé kí òun rí ọmọ òun nínú aṣọ funfun, ó retí títí ó sú u.

Èmi kì í fẹ́ràn olùkọ́ tó bá ń fi ọmọ ọlọ́mọ rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìkà ló wà nínú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ náà máa ń rẹ ènìyàn. Síbẹ̀, ẹ̀rín ìṣẹ́jú kan péré ló gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ọmọ yẹn, ẹni tó rín in kò sì rántí mọ́ nígbà tó fi máa jẹun ọ̀sán.

Susan fẹ́ ọkọ, ó bí Òkìkíolúwa, ó sì di Màmá Òkìkí. Iṣẹ́ tó wá yàn láàyò ni ọṣẹ ṣíṣe. Ọwọ́ Màmá Aníwúrà ló ti kọ́ ọ, ìyá àgbà tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin mọ́kànlá tó ń ṣe ọṣẹ ní abúlé náà. Abà kan ni gbogbo wọn ń lò lẹ́yìn ilé Màmá, páànù ló bò ó lórí, ògiri rẹ̀ sì ti dúdú fún èéfín.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é nìyí. Bí àwọn elépo bá ti tu ọmọ ẹyìn kúrò lára ìdì rẹ̀, àwọn obìnrin yìí á kó òfìfo ìdì náà jọ, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sì sun ún di eérú. Wọ́n á da omi sí eérú yẹn nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbe omi pupa tó ń kán sísàlẹ̀ rẹ̀, omi tó lè bó awọ ọwọ́ ènìyàn. Omi eérú yìí ni wọ́n máa ń dà lu àdín àti epo pupa nínú ìkòkò irin, wọ́n á sì gbé e ka iná láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú abà náà: iná kò gbọdọ̀ kú nídìí ìkòkò. Bí iná bá kú, ọṣẹ kò ní dì. Màmá Aníwúrà ti lo àádọ́ta ọdún lórí òfin yìí, kò sì sí ẹni tó bi í pé kí ló dé.

Nígbà tó yá, àwọn òfìfo ìdì ẹyìn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Àwọn tó ní oko ọ̀pẹ ńlá ti ń kó gbogbo rẹ̀ padà lọ bo ìdí ọ̀pẹ wọn, wọ́n ní ó ń tọ́jú ilẹ̀. Ìdì tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kó dà nù tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá ń ṣọ́ bí ẹni ń ṣọ́ ẹran Kérésì. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti yíjú sí sódà ọlọ́ṣẹ, kẹ́míkà líle tó ń ṣe iṣẹ́ omi eérú, tí wọ́n ń tà lọ́jà Òkìtìpupa, funfun báláú, wẹ́wẹ́ bí iyọ̀ tó rí pẹlẹbẹ. Wọ́n dà á sómi, wọ́n dà á lu epo, wọ́n sì ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe: wọ́n dáná sídìí rẹ̀. Ta ni yóò bá wọn wí? Ìkòkò ọṣẹ ni, iná ló sì mọ̀.

Ìgbà díẹ̀ àkọ́kọ́ kò burú, nítorí pé omi tí wọ́n ń bù sí i pọ̀ rẹpẹtẹ bíi ti eérú. Susan ló rò ó pé bí òun bá dín omi kù, ọṣẹ á tètè le. Ohun tó rò kò burú. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó bu omi díẹ̀, ó po sódà sí i, ó sì dà á lu epo lórí iná. Lucy wà pẹ̀lú rẹ̀, ó ń ràn án lọ́wọ́ bí ó ṣe máa ń ṣe.

"Lucy, ti igi sí i," ni Susan wí.

Lucy ti igi sí i. Kò pẹ́ tí ọṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Susan ní kí ó yọ igi kíákíá, Lucy sì fa gbogbo rẹ̀ jáde, ó da omi lé e lórí, iná kú pátápátá. Ṣùgbọ́n ìkòkò náà kò gbọ́ pé iná ti kú. Ó ń wú, ó ń wú, ó fi hó kọjá etí ìkòkò, ó sì ya bo apá ọ̀tún Lucy láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Lucy lò nílé ìwòsàn. Ó padà wálé, apá náà sàn, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ ti hunjọ, kò sì wọ aṣọ alápá péńpé mọ́. Ó sọ fún Susan pé, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò bínú." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó ń wo ilẹ̀, kò sì ya ilé Susan mọ́ láti ọjọ́ náà. Ì bá sàn kó bú u.

Màmá Aníwúrà pe gbogbo wọn jọ. Ó ní sódà kò gbọdọ̀ wọ abà òun mọ́. "Mo ti rí ìkòkò tó hó nítorí uná," ni ó wí, nítorí uná ni Màmá máa ń pe iná, bí àwọn àgbà Ìkálẹ̀ ṣe ń pè é. "Èyí tó ń hó tí kò sí uná nídìí rẹ̀, mi ò mọ ohun tó ń sè é, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n." Kò sí eérú, kò sì sí sódà mọ́. Obìnrin mọ́kànlá jókòó sílé. Àwọn kan lọ ń bá ènìyàn ro oko ẹ̀gẹ́, àwọn mìíràn kàn ń wo òjò. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lójú Susan pé òun ló tú abà, ṣùgbọ́n bó bá ti dé ìdí kànga, ọ̀rọ̀ á kú lẹ́nu wọn.

Ìgbà náà ni nǹkan kan dúró sí Susan lọ́kàn tí kò lọ. Wọ́n ti yọ igi. Ojú rẹ̀ ló ṣe. Kí ló wá ń dáná sí ọṣẹ yẹn?

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó lè dá a lóhùn, ẹni náà sì ni ẹni tí kò fẹ́ rí mọ́ láyé rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Oyèbádé ti fẹ̀yìn tì, ó kọ́lé sí Òkìtìpupa, ó sì ń gbin àgbàdo sí ẹ̀yìnkùlé. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Susan fi ń bá ara rẹ̀ jà. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó gun ọ̀kadà lọ bá a.

Bàbá náà kò dá a mọ̀. Ó fún un ní àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bi í pé ọmọ ta ni.

"Èmi ni Aláàáké, sà," ni Susan wí.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèbádé wò ó. Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀ bí ó ṣe bọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. "Ǹjẹ́ o di nọ́ọ̀sì?" ló béèrè.

"Rárá, sà. Ọṣẹ ni mò ń ṣe. Ọṣẹ náà ló sì gbé mi wá."

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, àti ti igi tí wọ́n yọ, àti ti apá Lucy. Bàbá náà dìde, ó wọlé, ó sì gbé ife méjì jáde, ó bu omi sí wọn dọ́gba. Ó da ṣíbí ajílẹ̀ funfun tó ń lò fún àgbàdo rẹ̀ sí ọ̀kan, ó rò ó. Ó ní kí Susan fọwọ́ kan ara ife. Ife náà tutù bí ẹni pé ó ti inú fíríìjì jáde. Susan wo ojú olùkọ́ rẹ̀, ó tún fọwọ́ kàn án. Bàbá náà wá ní kí Susan mú sódà tó gbé wá jáde, ó fi ṣíbí bu díẹ̀ sí ife kejì. Èyí gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí Susan fi yára fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Kò síná nídìí èyí, kò sí yìnyín nínú ìyẹn," ni bàbá náà wí. "Susan, bí o bá la igi tán, ta ló máa ń rẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Agbára rẹ wá lọ síbo?"

Susan rí ara rẹ̀ lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ láàárọ̀, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ìtì igi ń kọ̀ kò yà. Ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ti ń la igi, kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí rí. "Inú igi ló lọ, sà," ló wí. "Igi náà ló gbà á, kó tó gbà láti ya."

"Ó tán," ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèbádé wí. "Jíjá máa ń gba agbára. Ohunkóhun tó so pọ̀, bí o bá fẹ́ já a, o gbọ́dọ̀ san án. Síso ló ń tú agbára sílẹ̀. Iná tó ń jó nínú ààrò rẹ kò sá pamọ́ sínú igi. Ohun tó wà lára igi àti ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló ń so mọ́ ara wọn. Ìdí nìyẹn tí iná fi ń kú bí o bá dé e mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn náà tí igi kì í fi dáná sun ara rẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ gba iná díẹ̀ lọ́wọ́ ìṣáná, kí ìdè àtijọ́ lè já. Lẹ́yìn náà, èyí tó ń so á máa san án padà ní ìlọ́po."

Ó tọ́ka sí ife méjèèjì. Ó ní omi já ajílẹ̀ yẹn sí wẹ́wẹ́, ó sì dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ohun tí jíjá gbà ju ohun tí dídìmọ́ra mú wá lọ, omi náà wá san ìyókù nínú ìgbóná ara rẹ̀. Ti sódà rí bẹ́ẹ̀ lódìkejì. Dídìmọ́ra rẹ̀ mú wá ju ohun tí jíjá gbà lọ. "Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìṣirò náà ni ọwọ́ rẹ máa mọ̀," ló wí. Sódà àti epo náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìkòkò: ìdè inú epo ń já, ìdè ọṣẹ ń so, ìgbóná sì ń ṣẹ́kù. Ọṣẹ náà ló ń dáná ara rẹ̀.

"Kí ló wá dé tí ti eérú fi ń fẹ́ iná látàárọ̀ dalẹ́?" ni Susan béèrè.

Bàbá náà ronú sí èyí díẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn pé wọ́n bi òun. Ó ní omi ti pọ̀ jù nínú omi eérú. Iná náà ń lé omi lọ ni, kí agbára eérú tó ráyè mú epo. Màmá wọn kò ṣàṣìṣe. Òfin rẹ̀ dára fún eérú, wọ́n kàn gbé e wọ ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ ni.

Susan kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Sódà ni kí ó máa dà sínú omi, kó má ṣe da omi sórí sódà láé. Kó fi òṣùwọ̀n wọn nǹkan, kó má fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n. Inú ike ni kó ti pò ó, kó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kó jẹ́ kó rọlẹ̀ kó tó dà á lu epo. Nígbà tó fẹ́ dìde, bàbá náà sìn ín dé ojú títì, ó sì dúró síbẹ̀ títí ọ̀kadà fi gbé e lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló dán an wò ní ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò dì, ó dà bí ọbẹ̀ tó lómi jù. Èkejì le, ṣùgbọ́n nígbà tó fi ahọ́n kàn án bí àwọn ọlọ́ṣẹ ṣe máa ń ṣe, ó ta á lẹ́nu, sódà rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ̀kẹta le, kò sì ta. Susan gbé e sórí tábìlì, ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Ẹ̀rín ń pa á lóun nìkan.

Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá Aníwúrà, ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀ẹ̀kan péré.

"Lójú gbogbo wa ni," ni Màmá wí. "Bí ó bá hó, Màmá Òkìkí, abà yìí ti tì nìyẹn, ìwọ náà kò sì ní fọwọ́ kan ọṣẹ mọ́ ní abúlé yìí."

"Mo gbà, Màmá."

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n dá, òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Gbogbo igi abúlé ló ti rin gbingbin. Àwọn obìnrin mẹ́sàn-án pé sínú abà, Màmá jókòó lórí àpótí níwájú, Ọ̀gbẹ́ni Oyèbádé náà dé pẹ̀lú agboòrùn rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì lọ bíi ti àtijọ́. Lucy ló dé kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó wọ aṣọ alápá gígùn, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ènìyàn ti lè sá bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Susan rí i, ó sì tún ìbọ̀wọ́ rẹ̀ fà sókè.

Màmá Aníwúrà wo ilẹ̀ yíká. Ààrò ṣófo, eérú tútù ló wà nínú rẹ̀.

"Uná dà?" ló béèrè.

"Kò sí, Màmá," ni Susan dáhùn.

Ó rọra da sódà sínú omi, ó ń rò ó. Ooru rú sókè, àwọn obìnrin sún sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn sì ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí pé Lucy wà níbẹ̀ tí kò mira. Susan fi ìpọn rò ó títí sódà fi yọ́ tán, ó sì fi í sílẹ̀. Wọ́n dúró. Nígbà tí ike náà rọlẹ̀ dé ibi tí ènìyàn fi lè gbé ọwọ́ lé ara rẹ̀ láìfà á sẹ́yìn, ó dà á lu epo àti àdín, ó gbé ọmọrogùn, ó ń rò ó. Apá tó ti ń la igi láti kékeré kì í tètè rẹ̀. Ó rò ó títí ó fi ki bí ògì, ó dà á sínú àpótí pákó, ó fi pákó dé e, ó sì fi àpò ìrẹsì mẹ́ta àti aṣọ ìbora àtijọ́ wé e bí wọ́n ṣe ń wé ọmọ tuntun.

"Ó parí?" ni Màmá béèrè.

"Ó kù kí ó ṣe tirẹ̀, Màmá."

Ìjókòó yẹn kò dùn, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Òjò ń lu páànù. Gbogbo ojú wà lára àpótí, wọ́n ń retí kó wú, kó hó, kó ya. Wákàtí kan kọjá. Susan kò jókòó. Ó mọ ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀, ó mọ̀ pé ẹ̀kẹta dára, ṣùgbọ́n ó tún mọ̀ pé àpótí yìí tóbi ju ti ẹ̀yìnkùlé lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, àti pé bí ìṣirò òun bá fi díẹ̀ yẹ̀, obìnrin mọ́kànlá ni yóò jìyà rẹ̀. Nígbà tó tó wákàtí méjì, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ àpò, ó dúró díẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kàn án."

Màmá Aníwúrà dìde. Ó ki ọwọ́ rẹ̀ tó ti ń ṣọṣẹ fún àádọ́ta ọdún bọ abẹ́ aṣọ ìbora, ó gbé e lé ara pákó. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé ọwọ́ kejì lé e. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ àpótí, ilẹ̀ lásán ló rí, tútù, kò sí ẹyinná kan. Ó ṣí ìdérí díẹ̀, ó yọjú. Ọṣẹ náà wà nínú ilé rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń dán, kò wú, kò hó.

"Ó gbóná," ni Màmá wí fún àwọn yòókù. "Ó gbóná bí ìkòkò tó wà lórí uná. Ta ló dá a sí i?"

Ọ̀gbẹ́ni Oyèbádé dìde kí Susan tó lanu. "Ẹ jẹ́ kí n bi í ní ìbéèrè, Màmá," ló wí. "Ìbéèrè àtijọ́ ni. Susan, nígbà wo ni agbára máa ń jáde, ṣé ìgbà tí ìdè bá já ni, àbí ìgbà tó bá so?"

Susan bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó wo gbogbo wọn, ó sì wo Lucy. "Ìgbà tó bá so ni, sà," ló wí. "Jíjá ń gba agbára, bí igi ṣe ń gba ti èmi tí mo bá ń là á. Ìdè epo ti já nínú àpótí yìí, ìdè ọṣẹ ń so. Ohun tí síso mú wá ju ohun tí jíjá gbà lọ, èyí tó ṣẹ́kù ni Màmá fọwọ́ kàn. Lọ́jọ́ yẹn, ọṣẹ ti ń dáná ara rẹ̀, a tún dáná kún un. Èmi ni mo ní kí Lucy ti igi sí i. Nǹkan burúkú kankan kò sí nínú sódà. Èmi ni mi ò mọ̀."

"Rárá," ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèbádé wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Mo fi obìnrin yìí rẹ́rìn-ín nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, nítorí ìbéèrè yìí gan-an. Ọmọ náà ti ronú, ibi tó mọ̀ ló ti ronú wá. Ká ní mo bi í pé ta ló máa ń rẹ̀ bó bá la igi tán ni, ì bá ti mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà, apá ẹnikẹ́ni kì bá sì jó. Èmi ni mo gba òdo nínú ìdánwò yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Susan kúnlẹ̀ kí olùkọ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́.

Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ló wà tó fi rí i tí Lucy ń bọ̀. Lucy gba àárín àwọn obìnrin kọjá, ó dúró níwájú àpótí, ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rí apá yẹn. Ó ki í bọ abẹ́ aṣọ ìbora, ó tẹ́ ẹ lé ara pákó tó gbóná náà pátá, ó sì fi í síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ó kàn ń móoru ni."

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ti ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, wọn kò dúró bọ́ aṣọ. Wọ́n tú àpótí náà. Ọṣẹ jáde ní odindi, ó le, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìṣu ìgàngán. Màmá Aníwúrà fi ahọ́n kàn án. Gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀. Ó tún fi kàn án lẹ́ẹ̀kejì, bóyá nítorí ọ̀ràn náà ṣe pàtàkì, bóyá ó kàn ń gbádùn bí wọ́n ṣe ń wo òun.

"Kò ta," ló wí. Ó mú kọ́kọ́rọ́ abà lára ìró rẹ̀, ó nà án sí Susan. "Láti òní lọ, ìwọ ni kí o máa sọ ohun tí a ó ṣe fún wa. Òfin mi, ti eérú ni. Gbé tìrẹ kalẹ̀."

Àwọn obìnrin náà bú sórin, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ nínú ìsìn tán, wọ́n sì jó nínú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì wọn lórí eérú àtijọ́. Susan ní kí wọ́n má tíì fi ọṣẹ náà wẹ̀, kí wọ́n tò ó sórí pẹpẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó lè gbẹ kó sì gbó dáadáa. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, wọ́n ṣì ń jó.

Lucy kò jó. Ó ti na okùn tín-ín-rín láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń gé ọṣẹ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, apá aṣọ rẹ̀ méjèèjì ká dé òkè. Ó gé e dọ́gba, ó ń tò ó. Nígbà tó kan ti ìkẹyìn, ó gbójú sókè wo Susan.

"Ẹ̀gbọ́n, àpótí mélòó la máa ṣe lọ́la?" ló béèrè. "Sódà yẹn, èmi ni mo fẹ́ máa pò ó."